Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àwọn Òkè Àjàrà Ítálì

Ṣé o mọ̀ pé òkun ló bo gbogbo ibi tí wọ́n ń gbin àjàrà sí lónìí ní gúúsù Piemonte, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, nígbà kan rí? Kì í ṣe àlọ́. Ní ìlú Asti, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tó kún fún egungun àbùùbùtán tó ti di òkúta, abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà ni wọ́n sì ti wú wọn. Òkun fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè, ó di òkè. Amọ̀ àti yanrìn tó fi sílẹ̀ ni gbòǹgbò àjàrà wà nínú rẹ̀ dòní.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ogún àgbáyé tí UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sí ní 2005 náà ni wọ́n kọ àwọn òkè yìí sí ní 2014? Langhe, Roero àti Monferrato ni orúkọ wọn. Ibi mẹ́fà ni wọ́n yàn láàárín wọn, wọn kò sì yàn wọ́n nítorí ẹwà nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n bu ọlá fún: bí wọ́n ṣe ń tò àjàrà yí òkè po, bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ a máa gbé fóònù sókè, a ya òkè, a máa lọ. Mo ní kí ìwọ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ná.

O ti gbọ́ nípa infernot rí? Yàrá kékeré ni, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ sínú òkúta lábẹ́ ilé ní Monferrato. Kò ní fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀, atẹ́gùn kò fẹ́ wọ ibẹ̀. Wọn kì í pọn ọtí níbẹ̀; ìgò ọtí tí baálé ilé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni wọ́n ń kó síbẹ̀, nítorí yàrá náà kì í gbóná ju bó ṣe wà lọ, kì í sì í tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú, yìnyín ìbáà bọ́. Pietra da Cantoni ni wọ́n ń pe òkúta ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ yẹn ló ti wá, ó rọ̀ débi tí irinṣẹ́ ọwọ́ lè gbẹ́ ẹ, ó sì le débi tí kì í fi í ya lulẹ̀. Ta ló gbẹ́ wọn? Kì í ṣe ayàwòrán ilé. Àgbẹ̀ ni. Nígbà òtútù, tí kò sí iṣẹ́ lóko, á gbé irinṣẹ́ àti fìtílà, á wọ abẹ́ ilé ara rẹ̀ lọ, á máa gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀: àtẹ ìgò lára ògiri, òmíràn a ní tábìlì láàárín, ara òkúta kan náà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Cella Monte ni kí o lọ bí o bá fẹ́ rí i. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkúta náà wà. Bí o bá jáde sí ìta, gbójú sókè wo àwọn ilé: òkúta yẹn kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn.

Ní Canelli, ihò abẹ́ ilẹ̀ di ohun ńlá. Ṣé o mọ̀ pé kàtídírà abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ilé ìtọ́jú ọtí ibẹ̀? Òrùlé wọn ga, ó tẹ̀ kọrọdọ, ìgò sì tò lọ lábẹ́ rẹ̀ títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀ mọ́. Apọntí kan, Carlo Gancia, lọ sí Reims ní ilẹ̀ Faransé lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣáńpéènì. Nígbà tó padà dé, àjàrà Moscato agbègbè yìí ló fi dán an wò, nígbà tó sì di 1865, wáìnì oníhòó àkọ́kọ́ tí ọmọ Ítálì fi ọgbọ́n yẹn ṣe jáde. Inú ìgò lọ́hùn-ún ni irú ọtí bẹ́ẹ̀ ti ń hó, ìdí nìyẹn tó fi nílò ibi tútù tí kò ní dà á láàmú. Gancia, Bosca, Contratto, Coppo: ilé iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ní kàtídírà tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta wáìnì Barolo kí ó tó lo oṣù 38 ní ìpamọ́? Oṣù 18 nínú rẹ̀, inú àgbá onígi ni. Èyí tí wọ́n bá máa pè ní riserva, oṣù 62. Àwa tí ẹmu wa ń kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ó mi orí sí i. Barbaresco, tó wà ní òdìkejì ìlú Alba, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: oṣù 26. Àjàrà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Nebbiolo ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì, abúlé 11 péré ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ Barolo sára ìgò.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní abúlé Barolo tó jẹ́ pé irin tí wọ́n fi ń fa ìdérí ìgò nìkan ló kó jọ? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n. Mi ò rò pé ó yẹ kó gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú ogún lọ.

Inú ilé olódi abúlé náà ni kí o ti lo àkókò. Àwọn Falletti ló ni í, ìyàwó ìkẹyìn nínú ìdílé náà sì jẹ́ ọmọ Faransé, Juliette Colbert. Orúkọ rẹ̀ kò yà lára òkìkí tí Barolo gbà, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ kò kan ọtí rárá. Ní Turin, àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ló ń lọ bá, ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń bá ìjọba jà kí wọ́n tún ẹ̀wọ̀n ṣe. Nígbà tí òǹkọ̀wé Silvio Pellico jáde ní ẹ̀wọ̀n àwọn ará Austria, òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbà á sílé kí ó máa tọ́jú ìwé wọn. Wọn kò bímọ. Nígbà tó kú ní 1864, iṣẹ́ àánú ló jogún dúkìá rẹ̀. Láti 2010 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wáìnì, WiMu, ti wà nínú ilé olódi náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ fún Ítálì ní 1861 ti kọ́kọ́ jẹ́ olórí abúlé kékeré kan láàárín àjàrà? Camillo Benso di Cavour ni. Ọdún 17 ló fi ṣe é ní Grinzane, láti 1832 sí 1849. Abúlé náà ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀ báyìí: Grinzane Cavour.

Ọba Ítálì ìgbà náà kò gbẹ́yìn. Vittorio Emanuele II ra ilẹ̀ Fontanafredda, ó sì fi í fún Rosa Vercellana, ọmọ ọmọ-ogun lásán tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí ló sọ ibẹ̀ di ilé iṣẹ́ ọtí ní 1878.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ẹrú tó gba òmìnira, tí wọ́n bí ní Alba ní ọdún 126, jẹ olú-ọba Róòmù? Pertinax. Ó gorí oyè ní ọjọ́ kìíní ọdún 193, ó fẹ́ tún ìlú ṣe, ó fẹ́ dín ìnáwó kù. Kí oṣù kẹta tó parí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin pa á. Septimius Severus, ọmọ Leptis Magna ní Áfíríkà, ló gba oyè lẹ́yìn rúkèrúdò náà, òun ló sì ṣe òkú Pertinax bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe òkú ọba.

Má jẹ́ kí ilé olódi àti ọba tàn ọ́ jẹ. Ṣé o mọ̀ pé ebi ń pa àwọn òkè yìí títí di àárín ọ̀rúndún tó kọjá? Beppe Fenoglio, ọmọ bíbí Alba, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ La malora ní 1954. Ọmọ àgbẹ̀ kan tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lóko olóko ni ìtàn náà dá lé. Nínú ilé tó ń gbé, ẹja oníyọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi okùn so rọ̀ látòkè àjà. Kálukú á fi polenta rẹ̀, ìyẹn ọkà àgbàdo wọn, ra ara ẹja náà kí ó lè ta sánsán díẹ̀, wọn á sì fi ẹja sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Fenoglio mọ ohun tó ń sọ. Ilé iṣẹ́ ọtí kan ní Alba lòun náà ti ń jẹun, ó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà òkè òkun.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Turin, wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò FIAT. Àwọn ọmọbìnrin Langhe ní àwọn kò fẹ́ àgbẹ̀ mọ́. Kí ni àpọ́n tó kù sóko máa ṣe? Ó wá alárinà. Àwọn alárinà náà ní orúkọ níbẹ̀, bacialé, iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń ṣe láàárín abúlé sí abúlé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣe dé Calabria, ní ìkángun gúúsù Ítálì lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn fọ́tò ló ń ṣáájú. Ìyàwó á wọ rélùwéè, á rìnrìn àjò láti ìpẹ̀kun orílẹ̀-èdè dé ìpẹ̀kun rẹ̀, á bá ọkọ tí kò mọ̀ dáadáa, ìyá ọkọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, àti yìnyín. Òǹkọ̀wé Nuto Revelli gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin náà láti ilé dé ilé, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jáde ní 1985 nínú L'anello forte. Ọ̀pọ̀ oko tí àlejò ń lọ tọ́ ọtí wò lónìí, irú àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kó di igbó.

Ṣé o mọ̀ pé àlùfáà ìjọ Àgùdà ló gba Barbaresco là? Ní 1894, Domizio Cavazza, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìpọntí ní Alba, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ayé ìjọba Fáṣísìtì ni ẹgbẹ́ náà tú ká. Ní 1958, àlùfáà abúlé rí i pé bí àgbẹ̀ bá ń dá àjàrà rẹ̀ gbé lọ sọ́jà, oníṣòwò ni yóò máa dá iye lé e. Ó kó àgbẹ̀ 19 jọ. Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pọn ọtí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Produttori del Barbaresco lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé májèlé ló yí ọjà wáìnì Ítálì padà? Ní 1986, àwọn kan ní Narzole, ní ẹ̀bá àwọn òkè yìí, po mẹ́táńọ́ọ̀lù mọ́ ọtí olówó pọ́ọ́kú kí ó lè gbóná lẹ́nu. Nǹkan bí ogún ènìyàn kú, ojú àwọn mìíràn fọ́. Ẹni tó bá rántí ohun tí ògógóró olóró ṣe ní Òde-Ìrèlè ní 2015 mọ̀ bí ikú yẹn ṣe rí. Òkè òkun kọ wáìnì Ítálì sílẹ̀ fún ìgbà kan, ìjọba le sí i, àwọn olóko sì rí i pé ó sàn kí àwọn pọn ìwọ̀nba tó dára ju kí àwọn máa pọn agbami.

Ta ló ń ká àjàrà náà báyìí? Òkè ibẹ̀ ga débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Makedóníà pọ̀ nínú ọgbà Canelli, àwọn ọmọ Áfíríkà náà sì wà níbẹ̀. Ní 2024, ọlọ́pàá mú àwọn agbanisíṣẹ́ kan ní agbègbè Alba tí wọ́n ń rẹ́ òṣìṣẹ́ àjèjì jẹ, tí wọ́n tún ń lù wọ́n. Ìwé ìrìn-àjò aláràbarà kì í mẹ́nu kan ìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó wọ́n jù lórí òkè yìí kì í ṣe ọtí? Olú ni. Olú funfun kan tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀, nídìí igi óákù àti pópúlà, tí wọ́n ń pè ní tartufo. Ajá ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n ti lo ẹlẹ́dẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ a máa jẹ ẹ́, a sì máa ba gbòǹgbò jẹ́, òfin sì ti kà á léèwọ̀ láti 1985. Òru ni ọdẹ olú, trifolao, ń jáde. Àwọn kan ní òórùn máa ń ṣe kedere sí ajá lóru. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọdẹ kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ ìdí igi tí òun ń lọ. Bàbá lè fi àṣírí igi rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà tán. Ajá náà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́: ní abúlé Roddi, ilé ẹ̀kọ́ ajá olú kan wà tó ti wà láti 1880, yunifásítì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan sì tọ́ sí i. UNESCO kọ ìmọ̀ ọdẹ olú náà sínú ìwé ogún tiwọn ní 2021.

Ẹni tó sọ olú náà di gbajúmọ̀ ni Giacomo Morra, onílé ìtura ní Alba. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn: ó ń fi olú tó tóbi jù lọ́dún ránṣẹ́ sí ẹni tí ayé mọ̀. Rita Hayworth gba tirẹ̀ ní 1949, Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà ní 1951. Àwọn ìwé ìròyìn ṣe ìyókù, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Alba ni wọ́n ti ṣe Nutella? Lẹ́yìn ogun, kòkó wọ́n, ṣùgbọ́n èso nocciola pọ̀ lórí òkè Langhe bí ilẹ̀ bí ẹní. Pietro Ferrero lọ̀ ọ́ mọ́ kòkó díẹ̀ tó rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1946. Nutella fúnra rẹ̀ jáde ní 1964. Èso náà ń bẹ lẹ́yìnkùlé wọn. Kòkó kì í hù níbẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọ̀ wa ló sì ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ.

Alba yìí kan náà dá dúró fún ọjọ́ 23! Àwọn ajàjàgbara gba Alba lọ́wọ́ Fáṣísìtì ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1944, ó sì tún bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá. Fenoglio wà lára àwọn ajàjàgbara náà.

Alba tún ní eré kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Asti ń fi ẹṣin sáré tirẹ̀, eré tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti 1275, tí ẹlẹ́ṣin kì í lo gàárì. Alba ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sáré láti 1932 kí wọ́n lè fi Asti ṣe yẹ̀yẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mìíràn á dúró sójú kan, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń san owó wò.

Ìgbín ńkọ́? Cherasco ni olú-ìlú ìgbín Ítálì. Napoleon fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú ilé kan níbẹ̀ ní 1796 lẹ́yìn tó ṣẹ́gun Piemonte. Ilé kan náà ni wọ́n ti fi aṣọ Turin, tí àwọn onígbàgbọ́ kan ní ó jẹ́ aṣọ ìsìnkú Jésù, pamọ́ sí nígbà ogun 1706.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ òkè àjàrà ni àlùfáà Don Bosco? Becchi, ní ẹ̀gbẹ́ Castelnuovo, ni wọ́n bí i sí ní 1815. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré jọjọ, ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn Salesian tó dá sílẹ̀ dé Àkúrẹ́ àti Òndó lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ sì ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà lórí òkè tí ilé wọn wà báyìí. Ilé kékeré inú ọgbà rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wọ̀.

Ìdílé Póòpù Francis náà ti àwọn òkè yìí wá, láti Portacomaro nítòsí Asti. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi Principessa Mafalda láti lọ sí Ajẹntínà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí dúkìá wọn tà, wọ́n dúró. Ọkọ̀ náà rì ní etíkun Bràsíìlì ní oṣù kẹwàá 1927. Ó lé ní 300 ènìyàn tó bá a lọ. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n wọ̀ dé Buenos Aires ní 1929.

Ní Casale Monferrato, sínágọ́gù kan wà láti 1595. Bí o bá wò ó látìta, wàá rò pé ilé gbígbé lásán ni, torí wọn kò gbà kí àwọn Júù ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ síta. Wúrà ló kún inú. Ìlú yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Eternit ti ń fi àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe páànù títí di 1986. Àwọn ará ìlú ń gba ekuru rẹ̀ lọ sílé, wọ́n ń dà á sórí àjà kí òtútù má baà mú wọn, àwọn ìyàwó sì ń fi ọwọ́ fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí àìsàn rẹ̀ pa, ó sì ṣì ń pa wọ́n, torí ó lè fara pamọ́ sínú ara fún ọdún ogójì. Wọ́n wó ilé iṣẹ́ náà. Láti 2016, ọgbà ìgbafẹ́ ló wà níbẹ̀. EterNot lorúkọ rẹ̀.

Ní La Morra, ilé ìsìn kékeré kan wà láàárín àjàrà Brunate tí wọn kò fi jọ́sìn rí. Wọ́n kọ́ ọ ní 1914 kí àwọn òṣìṣẹ́ lè sá òjò sí i. Ní 1999, ayàwòrán Sol LeWitt kun ìta rẹ̀ ní àwọ̀ tó ń pariwo, David Tremlett kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ pẹ̀lẹ́. Inú wù mí ju ìta lọ. Ní abúlé kan náà, igi kédárì kan wà tí tọkọtaya gbìn ní 1856 nígbà ìgbéyàwó wọn, o sì lè rí i láti ọ̀pọ̀ òkè tó yí i ká.

Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, wá bẹ́ǹṣì ńlá. Chris Bangle, ará Amẹ́ríkà tó ti jẹ́ olórí àwọn tó ń ya àwòrán mọ́tò BMW, ló gbé àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Clavesana ní 2010. Pupa ni, ó ga débi pé gígùn ni wàá gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ kò sì ní kan ilẹ̀. Wọ́n ti lé ní 300 báyìí, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Kò sí owó ìwọlé. Ìwé kékeré kan wà tí o lè rà kí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí i fún ọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé ọtí abúlé ló sì ń tọ́jú òǹtẹ̀ náà, torí náà tètè lọ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn fún oúnjẹ ọ̀sán.